Ọdún tí Wọ́n Gba Ọsàn Lọ́wọ́ Bàbá Mi

Ìró ọmọ ọlọ lórí ìyá ọlọ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láàárọ̀ nílé wa ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, kí ladáànì tó pe ìrun àsùbáà rárá. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń lọ ata. Ó ní ata tí èèyàn bá dúró de oòrùn kó tó lọ̀ ọ́, ata ọ̀lẹ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá gbọ́ bàtà rọ́bà bàbá mi títí á fi jáde lẹ́nu ọ̀nà. Bíríkìlà ni nígbà náà. Á ti kó ṣíbí ìrẹ́lé àti okùn ìlà sínú àpò, á fẹsẹ̀ gun òkè Mápó, á gba òdìkejì sọ̀ kalẹ̀, á sì rìn dé ibikíbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé, ìbáà ṣe Òkè-Àdó. Bó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, á bọ́ fìlà rẹ̀, á fi kó ọsàn. Àwa ọmọ á sáré pàdé rẹ̀, á fún wa ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, òun náà á wá jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà, á mu mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á sì jẹ gbogbo inú rẹ̀ tán, èèpo nìkan ló máa ń kù. Ohun tí àwa bá jẹ lòun náà ń jẹ: ègbo àti ẹ̀wà láàárọ̀, ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ lálẹ́. Ìyá Àgbà mọ tẹ̀tẹ̀ àti yánrin í sè, ṣùgbọ́n bí o bá rí ẹran nínú ẹ̀fọ́ rẹ̀, àfi bíi pé ẹran náà ṣìnà débẹ̀ ni. A kò mọ̀ pé oúnjẹ gidi là ń jẹ. Oúnjẹ àwọn tí kò tíì rí ṣe la pè é.

Nígbà tó yá, owó epo wọ ìlú, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìwé káàkiri. Ẹnìkan mú bàbá mi dé ọ́fíìsì kan ní Agodi, nígbà tó sì máa fi padà wá, ó ti di kọngílá. Kò rẹ́lé mọ́, àwọn tó ń rẹ́lé ló ń dúró lé lórí, nígbà tó ṣe, ó tún gba ẹni tí yóò máa bá a dúró lé wọn lórí. Ó ra ọkọ̀ ìjàpá aláwọ̀ ewé. Láti ilé wa dé mọ́ṣáláṣí kò ju kí èèyàn ka Fátíà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ni bàbá mi ń gbé lọ síbẹ̀. Kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni, torí pé ẹni tó bá lọ́kọ̀ tó tún ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n á ní nǹkan ti bàjẹ́ fún un. Oúnjẹ rẹ̀ náà yí padà. Ìyá mi ń dín ẹran fún un lójoojúmọ́, ó sì fẹ́ràn èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá jóná díẹ̀. Nírọ̀lẹ́, á rán mi lọ sọ́dọ̀ onísúyà tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Mápó. Láàárọ̀, ẹran inú agolo ló fi ń jẹ búrẹ́dì. Àwa ọmọ kò bá a jẹ ẹ́, nítorí ọmọ tí wọ́n bá ń fún lẹ́ran, olè ni yóò dà, gbogbo agboolé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí ègbo àti ẹ̀wà wa la wà, à ń wo ẹnu bàbá wa. Mo jowú rẹ̀ gan-an. Láàárín ọdún méjì, ikùn rẹ̀ ti ṣíwájú rẹ̀ wọ yàrá, àwọn tó bá kí i á ní, "Kọngílá, ẹ ti rí i jẹ o!" Inú ìyá mi á dùn, torí pé ikùn ọkọ rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí tirẹ̀.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni ọdún tí jẹ̀díjẹ̀dí mú un. Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ Yorùbá mọ jẹ̀díjẹ̀dí. Ìdí á máa ta ènìyàn, inú á máa kùn, wọ́n á ní ohun dídùn ló fà á. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, mo sì jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà gbẹ́jọ́ àìsàn náà tó sì dá a. Ó ní, "Àkànní, o ti fẹ́ràn adùn jù." Ó gba ṣúgà, ó gba dòdò, ó gba ìbẹ́pẹ, ó gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà ló gba ọsàn. Bàbá mi bẹ̀bẹ̀ fún ọsàn nìkan, ó ní ẹyọ kan lójúmọ́ kò lè pa òun. Ìyá Àgbà kọ̀ jálẹ̀. Ó se àgbo kíkorò sínú ìgò mẹ́ta, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó wá kọjú sí ìyá mi: "Kí o fi kún ẹran rẹ̀ o, kí ara rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò." Ìyá mi fi kún un. Bí mo bá rántí rẹ̀ nísinsìnyí, mo máa ń fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo sì tún máa ń fẹ́ sunkún. Wọ́n fẹ́ràn ọkùnrin yìí dé góńgó. Wọ́n kó ohun tó ń ṣe é lóore kúrò níwájú rẹ̀, wọ́n sì fi ohun tí kò ṣe é lóore bu kún ohun tó ń jẹ, tìfẹ́tìfẹ́.

Iṣẹ́ tèmi nílé ni búta. Bí bàbá mi bá ti máa lọ gbọnsẹ̀, á pè mí, màá bu omi sínú búta, màá gbé e lọ sẹ́nu ṣáláńgá tó wà lẹ́yìnkùlé, màá sì dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Bó bá ti jáde, màá wọlé lọ da omi sílẹ̀, màá fi ìgbálẹ̀ fọ̀ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì dán débi pé wọ́n ń wá wò ó láti ilé kejì. Lọ́jọ́ kan, mo rí i tó ń pẹ́ níbẹ̀. Mo gbọ́ ìró ìgbálẹ̀. Baálé ilé tí kì í gbé abọ́ tó fi jẹun kúrò nílẹ̀ ló ń fọ ṣáláńgá. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, omi búta kò tó, ó sì jáde láì tíì fọ ilẹ̀ náà mọ́. Mo rí ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀kán kan tàbí méjì, ó ṣàn lórí sìmẹ́ńtì náà dé etí ihò. Bàbá mi dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Ràmọ́tù, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Kò gbọdọ̀ dé etí ẹnikẹ́ni." Mo ní, "Kò ní í dé etí ẹnikẹ́ni, Bàbá." Mo bu omi sí i, mo fọ̀ ọ́.

Mo fọ̀ ọ́ fún bí oṣù mẹ́ta. Ní gbogbo ìgbà náà, mo ń wo bàbá mi bó ṣe ń rù. Ọrùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ tín-ín-rín, ikùn rẹ̀ wá ń lọ sílẹ̀. Ẹlòmíràn kò rí i, torí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bùbá méjì sínú agbádá kó tó jáde. Èmi ni mo máa ń bá a fa apá bùbá kejì jáde. Ó ní kọngílá tó bá rù, wọn kò ní gbé iṣẹ́ fún un mọ́ ní Agodi, wọ́n á ní nǹkan ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. N kò mọ orúkọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bàbá mi ń dín kù, pé èmi nìkan ni mo sì mọ̀. Mo ti bá a ṣèlérí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá mọ ohun tí ìlérí jẹ́ ju àgbàlagbà lọ.

Iléyá dé, Àǹtí Bíntù, àbúrò ìyá mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wá bá wa ṣọdún. Obìnrin tín-ín-rín ni, tí kì í jẹ ẹran tó ju ẹyọ kan lọ, wọ́n sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé ìwòsàn kò fún un lóúnjẹ. Èmi àti òun la jókòó sẹ́yìnkùlé tí à ń fọ ìfun àgbò. Èmi ń da omi, òun ń yí ìfun náà síta pẹ̀lú igi ìgbálẹ̀. Mo wò ó títí, mo wá bi í pé, "Àǹtí, ṣé ìfun èèyàn náà rí báyìí?"

"Ó jọ ọ́ dáadáa."

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde níbẹ̀?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ìfun ta ni ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀?"

Mo da omi sórí ìfun tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ràmọ́tù, wò mí lójú. Ta ni?"

Mo ní, "Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ." Kò béèrè ẹni tó ní kí n má sọ ọ́. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí n sọ bó ṣe pọ̀ tó, mo sì sọ ọ́, mo sọ ti bùbá méjì náà mọ́ ọn. Ọkàn mi fúyẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ìlérí tí mo ṣe fún bàbá mi.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán lọ́jọ́ náà, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi nínú pálọ̀, níṣojú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ó ti tó ìgbà wo tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde bí ẹ bá lọ gbọnsẹ̀?"

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni, Bíntù. Ta ni kò ní jẹ̀dí?"

"Ẹ̀gbọ́n, jẹ̀dí kì í mú kí èèyàn wọ bùbá méjì."

Bàbá mi kò wo Àǹtí Bíntù mọ́. Èmi ló ń wò. Kò pariwo, kò sì nà mí. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé búta rẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo agboolé rí Kọngílá tó ń gbé búta kọjá lágbàlá, ọmọ rẹ̀ sì dúró ti ògiri, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ìyá mi ní, "Ràmọ́tù, ọmọ kì í tú àṣírí bàbá ẹ̀ o." Bàbá kò rán mi níṣẹ́ mọ́, kò pe orúkọ mi. Mo ti jẹ ẹgba nílé ìwé, mo ti jẹ ẹgba nílé kéwú, kò sí èyí tó dùn mí tó ìyẹn.

Ó kọ̀, kò lọ sílé ìwòsàn. Àǹtí Bíntù wá lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà kẹta ló ṣàlàyé ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe, pé dókítà á wọ ìbọ̀wọ́, á sì fi ìka yẹ inú ìdí wò. Bàbá mi dìde lórí àga. "Èmi? Kí ọmọ kékeré kan máa ki ọwọ́ bọ̀ mí nídìí? Ọlọ́hun má jẹ́ n rí i." Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí lójú tirẹ̀. Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀fọ́ nítòsí, ó sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló pè mí sínú yàrá rẹ̀, ó sì fi oríkì mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé lóòótọ́ lo fojú ara ẹ rí i?" Mo ní mo rí i. "Ó pọ̀?" Mo ní ó pọ̀, Màmá. Ó ní kí n lọ sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò gbọ́ ìró ọlọ. Ìyẹn ló jí mi. Mo bá Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wé gèlè, ó ti mú ọ̀pá. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ní kí n gbé ìborùn òun tẹ̀lé òun, a sì kọrí sí ọ̀nà Agodi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju tèmi lọ. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ìró ìjàpá lẹ́yìn wa. Bàbá mi rọra ń wà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó yọ orí síta.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé. Níbo lẹ ń lọ?"

"Ilé ìwòsàn."

"Kí ló ṣe yín?"

"Kò sí ohun tó ṣe mí. Wọ́n ní wọ́n máa ń ki ìka bọ èèyàn nídìí níbẹ̀. Ojú ń tì ọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n ki tèmi lákọ̀ọ́kọ́. Dúró, kí o wò ó. Bí mo bá kú, kí o máa lọ sílé."

Àwọn tó ń lọ sọ́jà ti ń dúró wò wá. Awakọ̀ tó wà lẹ́yìn ń tẹ fèrè. Bàbá mi ní, "Ìyá, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò. Kí wọ́n sọ pé ìyá Kọngílá ń fẹsẹ̀ rìn." Ó dúró, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀. "Àkànní, èmi ni mo gba ọsàn lọ́wọ́ ẹ. Èmi ni mo se àgbo. Bó bá jẹ́ pé mo ṣì í ṣe, ojú tèmi náà ń tì mí. Ṣùgbọ́n n kò lè sin ọ́."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ dákẹ́ lẹ́yìn wa, mo gbọ́ ilẹ̀kùn. Bàbá mi bọ́ sílẹ̀, ó tẹ̀ lé wa pẹ̀lú bùbá méjì lọ́rùn, òógùn ń bò ó. Ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó débẹ̀. Ìyá Àgbà kò sinmi, ó kàn ń dúró dè é ni.

Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó parí gbogbo àyẹ̀wò. Lọ́jọ́ tí dókítà máa sọ̀rọ̀, Ìyá Àgbà di ọwọ́ mi mú, kò jẹ́ kí wọ́n lé mi síta. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà náà. Ó ní jẹjẹrẹ ni, pé kókó kan wà nínú ìfun ńlá, àwọn á ṣiṣẹ́ abẹ, àwọn á gé e kúrò, pé kò tíì tàn jù. Ìyá Àgbà rò pé ọmú nìkan ni jẹjẹrẹ máa ń jẹ. Dókítà wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iṣẹ́ tí bàbá mi ń ṣe, bó ṣe ń rìn sí, ohun tó ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Bàbá mi ń dáhùn. Nígbà tó dé orí èso, ó ní òun kò mu ọsàn mọ́.

"Kí ló dé? Ta ló ní kí ẹ má mu ọsàn?"

Ìyá Àgbà ní, "Èmi ni."

Dókítà náà wò ó, ó rọra ní, "Màmá, kì í ṣe ẹ̀bi yín." Ó ní kò sí ẹni tó lè búra pé ohun báyìí ló fa jẹjẹrẹ sára ẹnì kan báyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sanra jù, tí kì í rìn, tó ń jẹ ẹran màlúù púpọ̀ lójoojúmọ́, àti èyí tó jóná, àti èyí tó wà nínú agolo, tí ẹ̀fọ́ àti èso sì kéré lẹ́nu rẹ̀, ó súnmọ́ àìsàn náà ju ẹni tó ń rìn tó sì ń jẹ ewé lọ. Ó ní súnmọ́ lòun sọ o, òun kò sọ pé dandan ni. Bàbá mi mi orí. Ó ní, "Dókítà, oúnjẹ ìgbà tí mo ṣì jẹ́ bíríkìlà lẹ ń sọ fún mi yẹn."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì yọrí sí rere. Bàbá mi lo ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn rẹ̀, ojú oorun ló sì gbà lọ. Ó padà sídìí ẹ̀fọ́ Ìyá Àgbà, súyà di ohun ọdún sọ́dún. Nírọ̀lẹ́, ó ń fẹsẹ̀ gun òkè Mápó, àwọn aráàdúgbò sì tan án kálẹ̀ pé wọ́n ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ Kọngílá. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ṣùgbọ́n kò dẹ́kun rírìn. Bó bá ń bọ̀, fìlà rẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọsàn á wà nínú rẹ̀. N kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè rò pé mo mọ bí ayé ṣe ń ṣe ìdájọ́. Àǹtí Bíntù tó jẹ ẹran ẹyọ kan, tó fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìntì, jẹjẹrẹ ọmú ló pa á. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ tó sọ fún mi pé, "Mo ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ mi, Ràmọ́tù. Èyí tó kù kò sí lọ́wọ́ mi." Èmi náà ti dàgbà báyìí. Mò ń rìn, mò ń jẹ ewé, mo sì máa ń lọ fún àyẹ̀wò, nítorí wọ́n ní ohun tó bá ti mú bàbá lè wá ọmọ wá. Ojú máa ń tì mí díẹ̀ bí mo bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Màá rántí Ìyá Àgbà àti ọ̀pá rẹ̀, ojú kò ní tì mí mọ́.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ronú sí ọdún yẹn, ibi tí mo máa ń padà sí ni àárọ̀ ọjọ́ kejì tí bàbá mi dé láti ilé ìwòsàn. Ìyá Àgbà ti ń lọ ata. Mo jókòó lẹ́bàá ògiri, n kò retí ohunkóhun, torí pé láti Iléyá, bàbá mi kò tíì pe orúkọ mi. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Ó dúró síbẹ̀, ó ti rù, bùbá ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn rẹ̀, gbogbo agboolé sì ń wò ó.

"Ràmọ́tù, búta mi dà?"

Mo sáré bu omi sí i, mo sì da díẹ̀ sára aṣọ mi. Mo gbé e tẹ̀lé e dé ẹnu ṣáláńgá. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní, "Dúró síbí. Bí mo bá jáde, kí o wọlé lọ wò ó dáadáa, kí o sì sọ ohun tí o bá rí fún àǹtí ẹ." Ó wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó jáde, ó yà fún mi lọ́nà. Mo wọlé. Mo tẹ̀ ba, mo wo orí sìmẹ́ńtì náà láti ẹnu ọ̀nà dé etí ihò. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Mo kígbe láti inú ṣáláńgá pé kò sí ẹ̀jẹ̀, mo sì gbọ́ tí ìró ọlọ dúró.